Àbúrò mi fẹ́ dá oògùn ọpọlọ rẹ̀ dúró lẹ́yìn àìsàn àkọ́kọ́: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ni àbúrò mi ọkùnrin. Àìsàn ọpọlọ tí àwọn dókítà ń pè ní psychosis ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, ó sì ti lé ní ọdún kan báyìí. Nígbà náà, ó ń gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, ó sì dá a lójú pé gbogbo ẹni tó bá ń tẹ fóònù nítòsí òun ń fi ọ̀rọ̀ òun ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Dókítà fún un ní olanzapine. Ohùn náà ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dákẹ́ pátápátá, àbúrò mi sì ti padà sẹ́nu ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ó ti sanra débi pé aṣọ àtijọ́ kò gbà á mọ́, oorun kì í jẹ́ kí ó tètè jí láàárọ̀, ó sì ní ohun tí òun ń kà kì í dúró lórí òun bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó fẹ́ dá oògùn náà dúró. Bàbá wa ní títí ayé ni yóò máa lò ó. Màmá wa ní ẹni tí ara rẹ̀ ti yá, kí ló tún ń fi oògùn ṣe. Èmi ni ó finú hàn, n kò sì fẹ́ kí ó rí mi bí ọlọ́pàá. Kí ni kí n sọ fún un?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ ṣeun tí ẹ tètè béèrè, nítorí ìgbà tí ẹni náà bá ti dá oògùn dúró ní ìkọ̀kọ̀ tán ni ọ̀pọ̀ ìdílé tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí àríyànjiyàn kò ti pọ̀. Ìmọ̀ràn Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí ẹni tí àìsàn yìí ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ṣì máa lo oògùn fún oṣù 12, ó kéré tán, lẹ́yìn tí àmì àìsàn ti lọ. Ẹ kíyè sí i pé ọjọ́ tí àmì àìsàn lọ ni a ti ń ka oṣù wọ̀nyẹn, kì í ṣe ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ gbé oògùn mì. Bí ohùn náà bá pẹ́ kí ó tó dákẹ́, ó ṣeé ṣe kí ọdún kan tí ẹ ń kà má tíì pé. Ní England, ìlànà tí NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú fún àwọn dókítà níbẹ̀, gbé jáde ní ọdún 2014 sọ pé kí a jẹ́ kí aláìsàn mọ̀ pé ewu ìpadàbọ̀ àìsàn pọ̀ bí ó bá dá oògùn dúró láàárín ọdún kan sí méjì tó tẹ̀ lé e. Ó tún sọ pé bí wọ́n bá máa dá a dúró, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n ṣe é, kí wọ́n sì máa ṣọ́ àmì àìsàn fún ọdún 2, ó kéré tán, lẹ́yìn tí oògùn ti tán lára.

Ọdún 2 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìgbà àkọ́kọ́ tí a dín oògùn kù tàbí tí a dá a dúró sábà máa ń dùn. Oorun òwúrọ̀ yóò fúyẹ́, ara yóò dá ṣáṣá, ẹ̀rín tí kò yọ fún ìgbà pípẹ́ yóò tún yọ, ẹni náà yóò sì sọ pé, "Ẹ rí i báyìí, n kò nílò rẹ̀." Òótọ́ ni pé ara rẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n ohun tó kà sí ẹ̀rí ìwòsàn, ìnira oògùn tó kúrò lára rẹ̀ ni. Àìsàn náà kì í sábà padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí ó tó yọjú, nígbà tí gbogbo ilé ti sinmi tí kò sí ẹni tó ń wo nǹkan kan mọ́. Nítorí náà, bí ó bá ti ń gbé oògùn jù sílẹ̀ tí ara rẹ̀ sì dá, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdùnnú yẹn pa ìṣọ́ra yín.

Olùka Ìwádìí

Mo fẹ́ fi ìṣirò díẹ̀ kún un, nítorí pé bàbá yín àti màmá yín, kálukú wọn ló ní apá kan òtítọ́ lọ́wọ́.

Ní ọdún 2012, Stefan Leucht àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àyẹ̀wò 65 jọ lórí àwọn tó ní schizophrenia, irú psychosis tó sábà máa ń pẹ́ lára; kì í ṣe àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ nìkan ni wọ́n. Láàárín nǹkan bí ọdún kan, àìsàn padà sára ìdá 27 nínú 100 àwọn tó ń lo oògùn lọ, ó sì padà sára ìdá 64 nínú 100 àwọn tí a fún ní oògùn tí kò ní nǹkan nínú. Ti àìsàn àkọ́kọ́ gan-an, ẹ wo ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Hong Kong, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2010. Ènìyàn 178 tí ara wọn ti yá dáadáa ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì: apá kan ń lo quetiapine, ọ̀kan nínú àwọn oògùn psychosis, lọ, apá kejì ń gba hóró tí kò ní oògùn nínú. Lẹ́yìn oṣù 12, ìdá 41 nínú 100 ni àìsàn padà sára wọn ní apá kìíní, ó sì jẹ́ ìdá 79 ní apá kejì. Nígbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 10, àwọn tí nǹkan kò dára fún ṣì pọ̀ jù ní apá kejì: ìdá 39 nínú àwọn tó dá oògùn dúró, ìdá 21 nínú àwọn tó ń lò ó lọ.

Apá ti bàbá yín nìyẹn. Ní Netherlands, Lex Wunderink àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe èyí tó yàtọ̀. Wọ́n kó àwọn tí ara wọn ti yá lẹ́yìn àìsàn àkọ́kọ́ jọ, wọ́n ní kí dókítà máa dín oògùn apá kan kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìtọ́jú, títí ó fi tán bí ó bá ṣeé ṣe, kí apá kejì sì máa lo tiwọn lọ. Láàárín oṣù 18, àìsàn padà sára àwọn tí a dín tiwọn kù ní ìlọ́po méjì, ìdá 43 sí ìdá 21, àwọn tó sì bọ́ nínú oògùn pátápátá láìsí wàhálà kò ju nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tún wò wọ́n lẹ́yìn ọdún 7, tí wọ́n rí ènìyàn 103 nínú wọn, iye àìsàn tó padà ní apá méjèèjì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Tí a bá sì wo ẹni tó ń dá iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ ṣe, tí àmì àìsàn sì ti lọ lára rẹ̀, ìdá 40.4 ni wọ́n rí ní apá tí a dín tiwọn kù, ìdá 17.6 ní apá kejì.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí àbájáde yìí, nítorí pé lẹ́yìn oṣù 18 kò sí ẹni tó tún de àwọn ènìyàn náà mọ́ apá kankan. Ohun tí èmi rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé dídín oògùn kù lábẹ́ ojú dókítà kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú gbígbé e jù sílẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ àwọn tí nǹkan dára fún kò dé òfo rárá; ìwọ̀n kékeré ni wọ́n dúró sí. Ẹ̀yin náà lè gbé ọ̀nà yẹn yẹ̀ wò, kí ó má jẹ́ "títí ayé" tàbí "lónìí" nìkan ni ilé ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́.

Mo Ti Rìn Ín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí àbúrò yín. Ọ̀nà tó fẹ́ rìn yìí, mo ti rìn ín, n kò sì tíì dé òpin rẹ̀: ìwọ̀n kékeré ni mo ń lò báyìí, mo sì ń ṣe iṣẹ́ mi.

Kí ẹ tó sọ ohunkóhun fún un nípa ewu, ẹ jókòó tì í kí ẹ gbọ́ ohun tí oògùn náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí èmi ń sọ pé mi ò mọ ara mi mọ́, ẹsẹ̀ mi kì í dúró sójú kan. Mo lè wà lórí àga kí n máa gbé àtẹ́lẹsẹ̀ sókè sódò títí tí ẹni tó jókòó tì mí yóò fi dìde. Ó pẹ́ kí n tó rí ẹni tó sọ fún mi pé oògùn ló fà á, àti pé ó ní àtúnṣe. Bí oorun àsùnjù tàbí ìsanra bá ní àtúnṣe láìdá oògùn dúró, ó lè jẹ́ ohun tó ń wá gan-an nìyẹn.

Nígbà tí dókítà mi gbà láti dín tèmi kù, ìwé kékeré kan ni mo fi ṣe é. Mo kọ ìwọ̀n tí mò ń lò àti ọjọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó sókè ojú ìwé, lẹ́yìn náà mo ń kọ ìlà kan péré lójoojúmọ́: aago tí mo sùn, aago tí mo jí, àti bóyá ẹnikẹ́ni wò mí lójú lọ́nà tí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ìbéèrè ìkẹyìn yìí ni ó ṣe pàtàkì jù fún mi. Ní ti èmi, àìsàn kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn. Ojú àwọn ènìyàn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ti àbúrò yín lè jẹ́ fóònù. Ẹ bi í pé, kí ohùn náà tó dé, kí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó yí padà, kí òun fúnra rẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ nísinsìnyí tí orí rẹ̀ pé, nítorí pé ìgbà tí àìsàn bá wọlé, ohun tí ó bá kọ fúnra rẹ̀ ni yóò gbà gbọ́ ju ohun tí ẹ bá sọ lọ.

Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Lẹ́yìn ìdínkù kọ̀ọ̀kan, èmi dúró fún oṣù díẹ̀ kí n tó tún gbé ìgbésẹ̀ mìíràn, mo sì dá a dúró níbi tó wà nígbà tí wàhálà ibi iṣẹ́ pọ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí a dúró lójú kan.

Apòògùn

Ọ̀rọ̀ ẹni tó ti rìn ín yìí bá ohun tí a mọ̀ nípa bí oògùn náà ti ń ṣiṣẹ́ mu. Ó ń dí ibi tí dopamine, èròjà tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ láàárín ara rẹ̀, ń gbà ṣiṣẹ́. Nígbà tí Shitij Kapur àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ọpọlọ àwọn aláìsàn àkọ́kọ́ tó ń lo haloperidol, oògùn psychosis mìíràn, nínú ìwádìí tó jáde ní 2000, wọ́n rí i pé ara sábà máa ń yá bí oògùn bá ti dí nǹkan bí ìdá 65 nínú 100 ibi wọ̀nyẹn, àti pé líle iṣan àti gbígbọ̀n máa ń bẹ̀rẹ̀ bí ó bá ti kọjá ìdá 78. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni pé dídí yìí kò bá ìwọ̀n oògùn rìn ní ìdọ́gba. Nígbà tí ìwọ̀n bá ṣì ga, ènìyàn lè gé ìdajì rẹ̀ kúrò kí ọpọlọ má fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ní ìsàlẹ̀, ìdínkù kékeré kan lè fa ìyàtọ̀ ńlá. Ìdí nìyẹn tí hóró kékeré ìkẹyìn, tí ènìyàn máa ń rò pé kò já mọ́ nǹkan kan, fi jẹ́ èyí tó nira jù láti fi sílẹ̀.

Ní 2021, Mark Horowitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dábàá pé kí a máa yọ ìdámẹ́rin sí ìdajì ìwọ̀n tí ẹni náà ń lò lọ́wọ́, kí a sì fi oṣù 3 sí 6 sí àárín ìgbésẹ̀ méjì. Ìwọ̀n tó ń lò lọ́wọ́ ni mo wí, kì í ṣe ìwọ̀n àtètèkọ́ṣe, nítorí náà ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń kéré sí i bí ẹ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìdábàá ni, kì í ṣe òfin, dókítà rẹ̀ ni yóò sì mọ èyí tó yẹ ẹ́.

Àwọn ohun mìíràn tí mo ń sọ fún àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi: ẹ má ṣe gé hóró tí wọ́n ṣe kí ó máa tú díẹ̀díẹ̀ nínú ara láìbéèrè, nítorí bí ẹ bá gé e, oògùn inú rẹ̀ lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Risperidone àti àwọn mìíràn wà ní olómi, èyí sì ń mú ìdínkù kékeré rọrùn. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ olóṣooṣù yóò ní oògùn lára fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ìkẹyìn, nítorí náà kí ó má ṣe rò pé òun ti yege nígbà tí oògùn ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Dídá clozapine, òmíràn nínú àwọn oògùn psychosis, dúró lójijì léwu ju ti àwọn yòókù lọ. Bí ẹni tó ń lò ó bá sì pàdánù rẹ̀ ju wákàtí 48 lọ, kí ó má padà sí ìwọ̀n àtijọ́ fúnra rẹ̀, dókítà ni yóò tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ tún bi àbúrò yín bóyá ó ń mu sìgá. Èéfín sìgá ń mú kí ara tètè lo olanzapine tán, nítorí náà ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sìgá sílẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ láìjẹ́ pé ìwọ̀n oògùn rẹ̀ yí padà, ẹni tó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lè rí i pé oògùn náà kò tó mọ́.

Àìsùn, òógùn, èébì àti àìbalẹ̀ ara lè wáyé láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá dá oògùn dúró lójijì. Ìyẹn nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé àìsàn ti padà. Síbẹ̀, àìsùn tó bá ń bá a lọ gbọ́dọ̀ dé etígbọ̀ọ́ dókítà, ohun yòówù kí ó fà á.

Ìyá Àbíkẹ́yìn

Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ gẹ́gẹ́ bí òbí. Ohun tó ń lé àwọn ọmọ wọ̀nyí sínú ìkọ̀kọ̀ ni bí a ti ń bá wọn gbé. Bí ọmọ bá bínú nítorí pé ẹnì kan wọ aṣọ rẹ̀, a ó ní, "Ṣé o ti lo oògùn rẹ?" Bí ó bá pẹ́ níta, oògùn. Bí ó bá rẹ́rìn-ín ju bó ti yẹ lọ, oògùn. Ọmọ mi obìnrin sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé láti ìgbà tí àìsàn náà ti ṣe òun, òun kò ní ẹ̀tọ́ sí ìbínú mọ́ nínú ilé wa. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára gidigidi.

Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé ló lè béèrè nípa oògùn, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó fọkàn tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ sì ni. Ẹni yòókù kò gbọ́dọ̀ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Òun náà ṣèlérí pé bí òun bá fò ó tàbí bí òun bá fẹ́ dá a dúró, òun yóò wí kí òun tó ṣe é, àwa sì ṣèlérí pé a kò ní pariwo. Mo gbà pé ìlérí ìkẹyìn yìí ni ó ń dáàbò bò ó jù. Oògùn tí ọmọ dá dúró tí a sì mọ̀, a lè bá a ṣọ́ ọ. Èyí tó ń jù sẹ́yìn fèrèsé lóru, ta ni yóò ṣọ́ ọ?

Ẹ̀gbọ́n, ó dà bí ẹni pé ẹ̀yin ni ẹni náà nínú ilé yín. Ẹ má fi ipò yẹn ṣòfò nítorí àríyànjiyàn bàbá àti màmá.

Ẹ̀gbọ́n Akẹ́kọ̀ọ́

Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ka ọ̀rọ̀ Ìyá fún àbúrò mi, ó sì dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí n tún un kà. Ó ti gbà pé òun kò ní dá a dúró kí a tó rí dókítà. Bí dókítà bá wá kọ̀ jálẹ̀ ńkọ́? Ìgbà tó kọjá tí àbúrò mi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, kò jẹ́ kí ó parí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ bá a lọ, kí ẹ má jẹ́ kí ó dá lọ. Kí ó kọ ohun tó fẹ́ sọ sílẹ̀, kí ó sì fi ìnira bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ìpinnu. "Mo fẹ́ dá oògùn dúró" máa ń ti ilẹ̀kùn, "Mo ti sanra tó báyìí, n kò lè jí lọ sí kíláàsì, kí ni a lè ṣe?" máa ń ṣí i. Olanzapine wà lára àwọn tó ń mú ènìyàn sanra jù, nítorí náà kí ó béèrè bóyá aripiprazole tàbí òmíràn tí kì í fi bẹ́ẹ̀ mú ara sanra lè bá a mu, bóyá metformin, oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n tún ń lò fún ìsanra yìí, lè ràn án lọ́wọ́, bóyá àkókò tó ń lo oògùn lálẹ́ ṣeé yí padà, àti bóyá ìwọ̀n tó kéré sí i yóò tó o. Kí wọ́n yẹ ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí dókítà bá ṣì kọ̀, ẹ béèrè ìdí, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò tún ṣeé gbé wá. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí dókítà mìíràn.

Ẹ bi dókítà náà ní irú àìsàn tó rò pé ó jẹ́. Psychosis tí egbòogi olóró fà, èyí tó bá ìbànújẹ́ ńlá wá, èyí tó tẹ̀ lé ìbímọ, àti èyí tó jẹ́ schizophrenia kò rí bákan náà, ìmọ̀ràn lórí oògùn kò sì lè jẹ́ ọ̀kan náà. Bí ó bá ń fa igbó, ìyẹn ni kí ó kọ́kọ́ dá dúró. Dídín oògùn kù nígbà tí ènìyàn ṣì ń fa igbó léwu gidigidi. Kí ó má sì bẹ̀rẹ̀ ìdínkù ní àkókò ìdánwò.

Mo Ti Rìn Ín

Ohun kan ló kù. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ dókítà, ẹ jẹ́ kí ó kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí àmì bá yọ sílẹ̀, kí ó má ṣe fi ẹnu sọ ọ́ nìkan. Nínú ìwé tèmi, bí mi ò bá sùn dáadáa fún òru méjì léraléra, tí ojú àwọn ènìyàn sì ti ń dà mí láàmú, n kò ní dúró de ọjọ́ ìpàdé: mo máa padà sí ìwọ̀n tí mo lò kẹ́yìn kí n tó dín in kù, mo sì máa pe nọ́ọ̀sì mi ní òwúrọ̀. Dókítà fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà n kò nílò láti máa wá àṣẹ ní òru. Orúkọ àwọn méjì tí wọ́n lè pè mí wà níbẹ̀, àti orúkọ ilé ìwòsàn tí mo fẹ́ kí wọ́n gbé mi lọ bí mo bá kọ̀ láti lọ. Bí ó bá di pé ohùn ń sọ fún un pé kí ó pa ara rẹ̀ tàbí ẹlòmíràn lára, tàbí tí ó bá ń sọ pé òun kò fẹ́ wà láàyè mọ́, ọ̀rọ̀ ti kọjá ohun tí ìwé wí nìyẹn. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹnì kan sì wà pẹ̀lú rẹ̀ títí ẹ ó fi dé ibẹ̀.

Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé náà mẹ́ta: ọ̀kan lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan lọ́wọ́ yín, ọ̀kan nínú fáìlì dókítà. Kí òun àti ẹ̀yin fọwọ́ sí i ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ dá.